Oúnjẹ tí Màmá Ń Fún Ehoro

Bọ́láwálé àbúrò mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò owó fún ọ. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí o fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ehoro tí Tóbilọ́ba ọmọ rẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, dókítà ẹran ní Aramọkọ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún méjì rẹ wà lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà kò mú àwọn ọmọ jù? Ọkọ mi wà, àmọ́ kòkó kò so lọ́dún yìí.

Ikùn ehoro náà wú, kò jẹun, kò sì yàgbẹ́. Dókítà ní òkèlè ló dí i nínú. Koríko àti omi ni ká máa fún un, ká sì máa rọra fọwọ́ pa á níkùn. Ó ti ń gbádùn, ló bá tún kọ oúnjẹ.

Mo wá ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé. Màmá wa ni mo bá nídìí kéèjì ehoro, wọ́n ń fi iyán sí i lẹ́nu.

"Bọ́láwálé, jẹ uyán rẹ. O ti rù jù."

Mo ní, "Màmá, ehoro nìyí. Kánádà ni Bọ́láwálé wà."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, ọmọ ta ni?"

Àbúrò mi, bí ehoro bá kú, a ó sin ín. Màmá ló ń bà mí lẹ́rù. Wọn kò ṣeé dá fi sílé mọ́, èmi nìkan kò sì lè máa ṣọ́ wọn kí n tún máa lọ sóko. Jọ̀ọ́, wá nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orúkọ rẹ.

Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ dalẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ni mò ń retí èsì rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Janet