Ìkúnlẹ̀ Màmá Fọlá ní Ọjà Longsight

Ọjọ́ Jímọ̀, oṣù kẹwàá, 1987

Ọ̀la ni àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ hall wa, ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, máa pe àwa tuntun wá mu tíì, kí wọ́n tó yan àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà sẹ́gbẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bísí ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n gbà léṣìí, ti ń kọ́ mi bí òyìnbó ṣe ń kí èèyàn níwájú dígí. "Má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o! Na ọwọ́, wò wọ́n lójú." Mo ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára.

Lọ́sàn-án òní, mo pàdé Màmá Fọlá, àgbàlagbà obìnrin Yorùbá tó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó yìí, ní Longsight Market. Inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ti nà sí wọn kí n tó ronú. "Hello, Ma!"

Wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n gbé báàgì iṣu wọn kalẹ̀, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún mi nínú omi òjò.

"Ẹ káàsán, mà."

Èmi, ọmọ ogún ọdún! Kí n tó wólẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti dìde, wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Bísí ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àgbà máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọdé lásán ni? Bí ìyá mi bá gbọ́...

Mo tún gbìyànjú níwájú dígí nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ti na ọwọ́, èmi kọ́ ni mò ń rí níbẹ̀ mọ́, Màmá Fọlá lórí ìkúnlẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí mo dé airport, tí òtútù fẹ́ pa mí, Màmá Fọlá ni wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn fún mi. Kóòtù náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi níbí. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láti àná. Òun ni mo fẹ́ wọ̀ lọ mu tíì wọn lọ́la.