Òfin Tí Mo Fi Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin Ṣe

Bàámi àtàtà,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ l'Abuja. Láàárọ̀ àná, mo rí èèrà tó ń kó ẹyin gun ògiri ilé ìdáná mi ní Lokogoma, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ jẹ́ títí tí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ẹ kì í gbà kí n sọ pé èèrà mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀, àfi tí mo bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí mo bá sì rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin náà, ẹ ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún ìkarùn-ún. Apá ìkẹyìn yìí ni kò wọ̀ mí létí.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pè mí láti ilé yín l'Orozo pé ara yín ò yá? Nígbà àkọ́kọ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní báǹkì, mo sáré wá. Mo bá yín lẹ́nu géètì, ẹ ti fá irùngbọ̀n, ẹ ti gbé iṣu kaná. Nígbà kejì, ìwé ìròyìn lẹ ń kà. Nígbà kẹta, ẹ pa mí láyò. Nígbà kẹrin, ẹ jẹ iṣu tèmi mọ́ tiyín. Ni mo bá sọ ọ́ di òfin: bí Bàámi bá ní ara àwọn ò yá, kò sóhun tó ṣe wọ́n, àárò mi ló ń sọ wọ́n.

Ọjọ́rú lẹ pè lẹ́ẹ̀karùn-ún. Mo ní mo ń bọ̀ ní Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ni aládùúgbò yín pè mí pé ẹ ti ṣaláìsí.

Ṣé ẹ ń wo ọ̀nà títí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀? Mo ń bínú sí yín díẹ̀, àmọ́ ara mi ni mo ń bínú sí jù.

Ilé mi dákẹ́ jù báyìí. Mo lè dé láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí n má rí ẹni bá sọ Yorùbá títí di ọjọ́ Ajé. Sànnu tí mo fi ń kí mégáàdì, ọlọ́dẹ ẹnu géètì wa, lédè Hausa ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe àbúrò mi obìnrin ní Bwari, mo ní ara mi ò yá. Kò sí ibà, kò sí ẹ̀fọ́rí. Kó tó dé, mo ti wẹ̀, mo ti gbálẹ̀. Bó ṣe gbọ́wọ́ lé mi níwájú orí báyìí, mo bú sẹ́kún, torí ara mi ò yá lóòótọ́.

Mo ti fagi lé òfin mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lara yín ò yá, Bàámi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tètè dé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó mọ̀.