Ohùn Rẹ Nínú Yàrá Tó Ṣófo

Nusaybah ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi tí o wà lọ́hùn-ún. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ wọn ń bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó gbé ọkọ̀ òfuurufú yín gúnlẹ̀ sí Kòlóńbíà láyọ̀ yóò dá ọ padà sí Peckham nílùú òyìnbó níbí láyọ̀. Èmi náà wà dáadáa. Òtútù ni kò jẹ́ kí n gbádùn, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iná lára ògiri, tó ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá. Mo ti da ìborùn bò ó.

Kí o tó lọ, o ní ìwé tí wọ́n fi ń yẹ òfin ojú ọjọ́ wò lẹ ń túmọ̀ sí èdè Sípéènì, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ ọ́ lè lóye rẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé òjò ń gba òfin. Tiwa lábúlé kò tíì gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ ní yàrá rẹ, mo nu eruku inú rẹ̀, mo padà sídìí abọ́ tí mò ń fọ̀. Ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ nínú yàrá rẹ. Mo ní ṣé o ti dé ni. O kàn ń sọ èdè tí n kò gbọ́ lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnì kan. Mo rò pé ọkọ̀ òfuurufú yẹn ti gbé ara rẹ lọ, ó gbàgbé ohùn rẹ.

Mo sáré lọ pe Ìyá Marisol, arúgbó ọmọ Kòlóńbíà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tí àwa méjèèjì ń sọ, ó ní ìwọ lo ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ó ní ìwé náà sọ pé kí ìjọba tó ṣòfin, kí wọ́n ka gbogbo ẹni tí òjò àti ọ̀dá yóò kàn. Ọkàn mi balẹ̀, àfi ìgbà tí ohùn rẹ dé ibì kan tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Kiẹ́ẹ̀n fáátà. Kiẹ́ẹ̀n fáátà. Mo bi í pé kí ni yẹn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní o ń béèrè pé ta la ò tíì kà.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, ó ní Rosalba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹrẹ̀ orí òkè ló ya bo ilé wọn nígbà òjò. Ohùn rẹ tún béèrè. Ó dárúkọ ẹlòmíì tí ẹrẹ̀ náà pa. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń bá a lọ títí ó fi pé mẹ́fà. A ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà o. Nígbà tí tirẹ̀ tán, ohùn rẹ kò dákẹ́. Ó tún béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Marisol wá yíjú wò mí.

Nusaybah, mo ní Hamid.

Ohùn rẹ kò béèrè mọ́. Kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn.

O kò mọ Hamid. Òun ni mo bí ṣáájú rẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Odò wa kún wọ yàrá, ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba wá ka àwọn tí omi gbé lọ, a ní kò sí nílé tiwa.

Sherifdeen tó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Jọ̀ọ́, bí àyè bá ṣì kù nínú ìwé yẹn, bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ìwé ìjọba ni, kékeré ni kí o kọ ọ́. Sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ṣe sàárà fún un ní mọ́ṣáláṣí, Ìyá Marisol náà fẹ́ ra àbẹ́là mẹ́fà.

Omi kò ní gbé ọ lọ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn, wọn yóò kà ọ́ mọ́ ọn, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Hàlímọ̀tù