Àpò Tó Jókòó Dípò Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti lọ kì í gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún tí kò ní máa bú mi tàbí kó máa tàn mí. Ẹ̀yin náà lè bú mi o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ẹ máa rọra bú mi.

Ọ̀sán Àìkú ni mo ń kọ ọ́. Mo ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò tíì bọ́ gèlè. Ilé ìdáná mi níbí ní Ìjàpò ni mo jókòó sí, ẹ̀wà wà lórí iná, mo sì ti jẹ́ kó jóná díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń jó ẹ̀wà ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ aláìsàn, ẹ̀ bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó lónìí.

Ọ̀la ló ń já mi láyà. Métírọ̀n wa ti kọ orúkọ mi sára pátákó pé èmi ni mo máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tó bá wáyé tí kò mí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú yàrá ìpàdé. Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Sáfíkéètì wà lóòótọ́ pé mo kọ́ ọ lésìí, ó wà nínú fáìlì mi, orúkọ mi sì hàn gedegbe lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo jókòó ní kíláàsì yẹn. Àpò mi ni. Kí n tilẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: àpò yín ni, àpò aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ mú mi dání wá sí Àkúrẹ́ fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀? Ìsinmi ni wọ́n fún wa níléèwé, ẹ ò sì fẹ́ fi mí sílẹ̀ nìkan ní Oǹdó. Yúnífọ́ọ̀mù yín funfun, sítáàṣì ti mú un le gbagidi. Ẹ fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó lẹ́wà, ẹ gbé àpò yín sórí àga kan ní ìlà kejì, ẹ fi mí sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Máa ṣọ́ àga mi,” ẹ sọ fún mi. “Ẹni tó bá bi ọ́, ní mò ń bọ̀.”

Ni ẹ bá gba Ọjà Ọba lọ. Mo jókòó, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mo sì fọwọ́ mú okùn àpò náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, àpò ló pọ̀ jù nínú yàrá náà. Àpò dúdú, àpò funfun, ọ̀kan tilẹ̀ ní agbòòrùn lórí. Ọkùnrin tó ń kọ́ni wo àwọn àpò náà títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn nìṣó. Ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ láti pín sáfíkéètì ni ẹ wọlé pẹ̀lú àwo tánńganran nínú ọ̀rá, ẹ sì dáhùn sókè ju gbogbo wọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyá mi gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Mi ò sọ pé ẹ ya ọ̀lẹ o. Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi kó lọ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, mo ń pàdé àwọn ènìyàn ní Oǹdó tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ yín ni wọ́n bí àwọn sí. Ọwọ́ yín tutù, ó sì mọ́. Ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn, ẹ ó ti mọ ibà tó ń ṣe é kí wọ́n tó mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà jáde. Ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ ló ń tọ́jú aláìsàn, bébà kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ iṣẹ́, mo sì ń wí i fún àwọn ọmọdé bíi pé inú Bíbélì ló wà.

Kì í ṣèmi nìkan o. Ẹ bá wa dé ibi iṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ ó rí i. Bí ìwé kíláàsì bá dé, ohun tí olúkúlùkù ń bèèrè ni pé ṣé wọ́n máa fún wa ní sáfíkéètì, nítorí pé láìsí i, wọn kì í tún láísẹ́ǹsì ẹni ṣe. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa. Àwọn kan ní ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa lọ́dọọdún. Àwọn kan ní tí a bá kọ́ ọ tán, ibo ni irinṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe é wà? Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ti lọ sókè òkun pọ̀, àwa tó kù ò tó nǹkan mọ́, ẹni tó bá lọ kíláàsì ti di ẹrù lé ẹni tó kù lórí. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló gbé mi kúrò ní kíláàsì lésìí. Aṣọ mi ló wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Ọjà Ọba. Mo fọwọ́ síwèé, mo gbé àpò yín sórí àga, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Télọ̀ náà ò tilẹ̀ tíì rán an.

Ó wá di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láàárọ̀. Obìnrin kan láti Ọ̀dà ń rọbí lọ́dọ̀ wa, oyún àkọ́kọ́ ni, ìyá rẹ̀ sì ń gbàdúrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà jáde, kò ké. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Èmi ni àgbà níbẹ̀. Mo ṣe ohun tí ẹ kọ́ mi, Màámi. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé e sókè, mo dorí rẹ̀ kodò, mo ń gbá a ní ìdí, mo sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi tútù wá. Kò sí nǹkan kan. Mo tún gbá a.

Bùkọ́lá ló wà pẹ̀lú mi. Nọ́ọ̀sì ni, kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Mà, ẹ dákun, ẹ gbé e fún mi.”

Bóyá ohùn rẹ̀ ni, bóyá ẹ̀rù tó ti bà mí ni, mo gbé e fún un. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí tábìlì, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá, ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí kò mí síbẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sípò, ó fi ìbonu kékeré bò ó nímú àti lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ báàgì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kò wo ojú ọmọ, àyà rẹ̀ ló ń wò. Mo rí i bí àyà náà ṣe gbé sókè. Kò pẹ́, ọmọ náà wúkọ́, ó sì figbe ta.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Èmi ni. Ìyá àgbà náà di ọwọ́ mi mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ọwọ́ tí mo fi gba ọmọ òun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rọ. Ọwọ́ yẹn, Màámi! Bùkọ́lá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Kò sì tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ wúwo lórí mi ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo dọ́gbọ́n bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní òun tọrọ láti lọ sí kíláàsì yẹn lésìí, wọ́n ní orúkọ ti kún, pé àwọn àgbà ló kàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ráyè lọ láti ilé ìwòsàn mìíràn ló wá kọ́ ọ nílé, ọmọláńgidi tí ọmọ ọ̀rẹ́ náà fi ń ṣeré ni wọ́n fi ṣe é lórí tábìlì ìjẹun. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ ti kún, Màámi. Àga kan wà níbẹ̀ tí àpò wa jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ni èmi àgbà wà.

Métírọ̀n gbọ́ pé ọmọ kan tí kò mí yè lọ́wọ́ mi, ó yẹ fáìlì wò, ó rí sáfíkéètì. Bí orúkọ mi ṣe dé ara pátákó ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo fídíò lórí fóònù, mo fi ìrọ̀rí ṣe ọmọ, mo fi ife ṣe ìbonu. Mo lè kọ́ ọ sórí kí n sì kà á fún wọn bí àkọ́sórí ọmọ iléèwé, wọn ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́ wọn lódì ńkọ́? Ọmọ ta ni yóò kú sọ́wọ́ wọn? Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ìgbéga tí mò ń retí lè lọ, orúkọ mi á bàjẹ́ láàárín àwọn ọmọdé tó ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Mo ti ń sá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ kan wà tí mo wà ní kíláàsì kẹta girama, ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ò jẹun. Ẹ fọ yúnífọ́ọ̀mù yín lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan, ẹ ń wo ọwọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì obìnrin kan ládùúgbò wa tó lóyún ti ilé ìwòsàn dé láìgbé ọmọ. Ṣé ọwọ́ yín ni? Ṣé kíláàsì tí mo bá yín ṣọ́ àga rẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́ni ní ohun tí ì bá gba ọmọ náà là? Mo ti gbìyànjú láti rántí ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ níwájú. Mi ò rántí ju àwọ̀ àpò lọ. Ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ràn yín, inú sì ń bí mi sí yín, mi ò mọ èyí tí mo lè fi sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ̀wà ti jóná pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n dìde.

Màámi, ó ti di ọ̀sán Ajé báyìí. Mo ti dé.

Aago mẹ́jọ ni mo ti kan ilẹ̀kùn Métírọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀: télọ̀, àpò, omi tútù, ẹni tó gba ọmọ náà là. Kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún títí tí mo fi rò pé ó ti gbàgbé mi.

“Ẹ̀yin gan-an, Síṣítà?” Ó gbé gíláàsì padà sójú. “Ta ló wá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yìí?”

Mo ní Bùkọ́lá ni. Mo ní kí wọ́n fi àga kan kún ti àwọn tuntun fún mi. Ó wò mí, ó ní kí n máa lọ, ó ní ìwé kúérì mi ń bọ̀. Ó sì ti dé kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Títí di Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún mi láti ṣàlàyé ara mi, mi ò sì mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n mo jókòó. Láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi parí, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Nígbà tó kàn mí, mo mú báàgì, mo tẹ̀ ẹ́, àyà ọmọláńgidi náà ò gbéra. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òógùn bò mí. Bùkọ́lá fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀ wòkè díẹ̀ sí i, Mà. Ẹ má kánjú.”

Mo gbé e wòkè díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Àyà náà gbé sókè, Màámi. Lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹni tó kàn fi ní òun náà fẹ́ ṣe é, ojú sì tì mí pé mò ń sunkún lórí ọmọláńgidi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé ibo ni àpò mi wà, kó bá mi gbé e. Mo ní mi ò gbé àpò wá lónìí. Ilé ni mo fi í sí, lórí àga tí mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí lánàá. Ó ti jókòó dípò wa tó. Ẹ sùn re, Màámi, ẹ má bínú sí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ní kó máa ṣọ́ àga.