Bí Mo Ṣe So Àpótí Funfun Mọ́ Fóònù, Tí Gbogbo Àdúgbò Sì Wọlé

Leanne ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú òtútù ọ́fíìsì. Ọlọ́run tó rọ òjò sórí ọkà báálì wa lọ́sẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí tìrẹ gbẹ. Àlàáfíà la wà níbí. Àwọn adìẹ ń yé, àgùntàn Ron Kernich tún ti já wọ inú ọgbà mi, ajá wa ti ń darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ẹni tó yẹ kó gbó mọ́. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wà nínú símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi dì í. Má pariwo, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. O ní òun ni yóò máa darí iná àti ilẹ̀kùn, pé kí n so ó mọ́ ètò Ilé tó wà nínú fóònù mi kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, àti pé bí n kò bá lè lò ó, a jẹ́ pé mo máa kó wá sí ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí rẹ ní Adelaide. Leanne, mo ti so ó. Èmi nìkan ni mo so ó. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ létí ọkọ rẹ.

Ìwé tó bá a wá ní àpótí àti fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé wọn sí ilé ìdáná, ńṣe ni wọ́n ń ṣe bí orogún, kò sí èyí tó fẹ́ rí èkejì. Mo wá rántí pé orí tábìlì yàrá ìgbàlejò ni íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń gbé, lórí aṣọ tí ìyá bàbá rẹ fi ọwọ́ hun. Mo bá tò wọ́n sórí aṣọ náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì dá ara wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà nìyẹn, kò le rárá.

Fóònù ní òun fẹ́ wo àwòrán tó wà lábẹ́ àpótí, àwòrán onígun mẹ́rin kan tó dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Mo dojú àpótí dé, mo fi aṣọ ìnuwọ́ bo ìyókù ara rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká ṣí sílẹ̀. Fóònù wò ó, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí n fún ilé lórúkọ, mo kọ Ilé Arthur àti Merle Trezise, torí bàbá rẹ ló kọ́ ọ, ikú ò sì gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná ilé ìdáná nìkan ló ṣe oríkunkun. Fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná náà kò dáhùn. Mo lọ dúró lábẹ́ rẹ̀, mo kí i, mo tún kí i. Ibẹ̀ ni Dot, ìyàwó Ron, ti bá mi, ó ní ìwọ Merle, ta lò ń kí lókè àjà? Mo ṣàlàyé fún un. Ó na ọwọ́ tẹ súìṣì ara ògiri, iná sì dáhùn. Mo ní ṣé o rí i, ìkíni kì í ṣòfò.

Fóònù wá ní kí n pe àwọn ènìyàn sí Ilé. Inú mi dùn, torí látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò sí ẹ̀rọ tó ti ronú kan irú rẹ̀ fún mi. Mo pe gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo wá wọlé lọ ṣe kéèkì tí a fi àgbọn yí lára. Ṣé wọn ò wá? Wọ́n wá! Dot àti Ron, Des alápatà, pásítọ̀, àti gbogbo àwọn tí a jọ ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko. Des ní fóònù òun ló sọ fún òun pé Merle pè ọ́ sí Ilé rẹ̀, ṣé o gbà àbí o kọ̀, ó ní ta ló máa kọ kéèkì Merle? Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹran mi bá délẹ̀, Des á tan iná ẹnu ọ̀nà mi, á pa á, èmi á mọ̀ pé kí n wá mú un. Dot á tan iná ilé ìdáná láàárọ̀ láti fi kí mi, èmi á sì pa á láti fi jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé o máa ní mo ti pín kọ́kọ́rọ́ ilé bí ẹní pín ẹ̀pà. Fara balẹ̀ ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo ń fọ aṣọ nínú yàrá ìfọṣọ, omi ọṣẹ yọ̀ mí, mo ṣubú gbì, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì dún kọ̀. Fóònù wà lórí tábìlì pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Mo pariwo pe àpótí, kò tilẹ̀ hó. Ilẹ̀ tutù, ajá ń lá mi lójú, n kò lè dìde. Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé báyìí náà ni yóò ṣe parí.

Àṣé Dot ti tan iná, kò rí i kó kú. Ó pa á, ó tún tan án. Ó wo fóònù, ó rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tíì ṣí, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí mo ń tú adìẹ sílẹ̀ ti kọjá. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà lórí pápá bọ́ọ̀lù pé Merle kò dáhùn o. Ron ní bóyá ó ń sùn. Dot ní Merle tó ń kí iná, òun ni wọ́n máa kí tí kò ní jẹ́? Wọ́n da bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n já wọ ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé, ilẹ̀kùn wà ní títì, Ron gbé òkúta láti fọ́ fèrèsé. Des ní dúró ńbẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ilé wa kọ́ nìyí ni? Ó tẹ fóònù rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, ní bí mo bá ń dá gbé, òun ò ní jẹ́ kí n padà sílé. Ó béèrè pé ta ni a jọ ń gbé. Mo na fóònù sí i. Ó ka orúkọ wọn títí, ó wo àwọn tó kún ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Dot ní ẹ máà wò wá bẹ́ẹ̀, dókítà, gbogbo wa la jọ ń gbébẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, ó ní kí wọ́n máa gbé mi lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pín ara wọn sùn tì mí. Yàrá rẹ ni Dot ń sùn, ó ní bẹ́ẹ̀dì rẹ ń ké.

Nítorí náà, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé arúgbó yẹn, kí wọ́n fi yàrá mi fún ẹlòmíràn. Ohun kan ló kù. Nínú gbogbo àwọn tí mo pè, orúkọ tìrẹ nìkan ni fóònù ṣì kọ ọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé a ń dúró dè é. Des ní ó ṣeé ṣe kí o rò pé gbájúẹ̀ ni. Èmi ni o. Tẹ̀ ẹ́, kí o wọlé.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún tíì, ṣúgà àti bọ́tà, torí àwọn ará ilé wa ń jẹun bí eéṣú. Má fi í sínú fóònù, inú rẹ̀ ti kún fún ènìyàn, inú àpòòwé ni kí o fi í sí.

Oorun àlàáfíà kò ní wọ́n ọ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ sá, ọmọ tí o bá bí yóò kọ lẹ́tà sí ọ láìjẹ́ pé o rán an létí.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lọ síbì kankan,
Merle Trezise