Ọjọ́ Tí Ọkàn Rẹ Dúró Nínú Fóònù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹni tó ń gbé ọ ga lórí ògiri kò ní jẹ́ kó o já bọ́. Àwa náà wà láàyè, a ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, bàbá rẹ sì ra bàtà tuntun tó há a lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́.

Mo rí ohun tó o kọ nípa ẹ̀rọ kékeré tí kóòṣì yín so mọ́ ọ lọ́wọ́ àti láyà, tó lọ sọ fún un pé o ń di ògiri mú le jù nígbà tó o bá ń gùn ún, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè rẹ̀ ọ́. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn, torí mi ò fẹ́ràn olófòófó, àmọ́ òótọ́ ló sọ, mo ti forí jì í. Láti kékeré lo ti ń di nǹkan mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Lọ́jọ́ ìdíje gígun ògiri yín, a gbé fóònù bàbá rẹ ti ife lórí tábìlì. A rí ọ lára ògiri, a sì rí ìlà pupa nísàlẹ̀ tí wọ́n ní ọkàn rẹ ni, tó ń fò sókè fò sódò. Mo kí i. Nígbà tó o dé ibi tí ògiri ti yọ gọngọ síta, tó o fi ọwọ́ kan rọ̀, ìlà náà kàn dúró, ìwọ náà ò mira mọ́. Háà! Mo figbe ta, mo já síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan. Bàbá rẹ ń fi ọwọ́ ra fóònù, ó ń bẹ̀ ọ́ pé kó o mí. Télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà sáré wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe ọmọ yín, dátà ló tán. Mo bi í pé ta ló ń jẹ́ Dátà, kí ló sì pa á.

Ó fún wa lára tirẹ̀, ọkàn rẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. A bá ọ lókè téńté, ò ń juwọ́! Wọ́n tún fi ibi tó le yẹn hàn, a rí i pé ńṣe ni ìlà náà ń rọra lọ, o ò fún ọwọ́ pọ̀ mọ́. Bàbá rẹ ní ọwọ́ tí òun fi ń ra fóònù ló jẹ́ kó rọlẹ̀. Jọ̀ọ́, má jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ la fẹ́ rà, dátà ni, kó pọ̀ dáadáa, kí ọkàn rẹ má baà dúró mọ́ nínú ilé wa. Ọwọ́ rẹ á máa ba òkè, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀, ayọ̀ ni a ó máa fi fóònù wò lára rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já títí di ìsinsìnyí.