Eegun Ọrùn Keje

Ẹ̀yin bàbá mi, Alfa mi ọ̀wọ́n,

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti lọ, ohun kan sì wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di Jímọ̀ tó kọjá. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn nílé ni ìyá mi ń sọ fún pé kádàrá ni ikú yín. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, màá dìde, màá ṣe bí ẹni ń lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná, Bàbá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ọlọ́kadà gbá yín lójú ọ̀nà Mando, níbí nílẹ̀ Háúsá. Ọsibítù tí mo ti ń ya fọ́tò eegun ni wọ́n gbé yín wá, èmi gan-an ni mo sì ya ti ọrùn yín. Eegun méje ló wà lọ́rùn ọmọ èèyàn. Bí a bá yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká a máa bo èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, pàápàá èjìká ẹni tó sanra bíi tiyín. Èèyàn ní láti rọra fa ọwọ́ aláìsàn wálẹ̀, kí a tún un yà. Mo ka tiyín, mẹ́fà ni mo rí. Mo mọ̀ pé kò pé. Ṣùgbọ́n Àlàásárì ti tó, ẹ ti ń wá búùtà àlùwàlá, kọ́là líle tí wọ́n fi de ọrùn yín ń ni yín lára, ẹ sì ti ń bínú.

Ta ni mo jẹ́ tí màá pàṣẹ fún bàbá mi? Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwa ọmọ kéwú yín ní Nasarawa pé aláìsàn lè dùbúlẹ̀ kírun, kó fi ìpéǹpéjú ṣe rúkúù. Ṣé èmi ni kí n wá kọ́ yín ní ohun tí ẹ kọ́ mi? Mi ò dúró de dókítà. Mo tú kọ́là náà fúnra mi. Ẹ kírun lórí ìdúró, ẹ forí kanlẹ̀, ẹ ò sì lè dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ yín ò lè gbé ṣíbí, kí ẹ tó fi wá sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò gba ààyè tí Ọlọ́run fún yín? Kí ló dé tí mi ò dì mọ́ yín lẹ́sẹ̀? Haba, Bàbá! Mo bínú sí yín. Mo bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe bí adití bí mo bá fi Háúsá dá yín lóhùn? Ẹ ó máa wòkè, ẹ ó máa rin pákò, títí màá fi sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ mi náà ti ń fi Háúsá dá mi lóhùn báyìí. Mo ṣe bí adití bíi tiyín, ó bá eré rẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan wá láti gáréèjì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tẹlifíṣọ̀n. Orí ọkọ̀ ló ti já bọ́, níbi tó ti ń di ẹrù. Ará Ìlọrin ni, olóríkunkun sì ni bíi tiyín, ẹ má bínú. Mo ya ọrùn rẹ̀, mẹ́fà ni mo tún rí. Ó fẹ́ dìde lọ kírun. Mo kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú kírun, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ó wò mí títí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpéǹpéjú kírun, omijé ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà wọ ẹ̀wù òjé tí kì í jẹ́ kí iná fọ́tò wọni lára, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, mo sì tún un yà. Eegun keje yọ. Ó ti kán. Bàbá náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, mẹ́fà tí mo kà àti kọ́là tí mo tú. Wọ́n dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi dá ìkíni mi lóhùn.

Láàárọ̀ yìí, mo kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, ni wọ́n bá fi oríkì mi pè mí láti inú yàrá. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi pè mí; láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi pè mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún yín dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ foríjì mí, Bàbá.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín títí dòní.